Ọkà Bálì Anir

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà ni a wà ní Casablanca, Anir sì ti ń rìn. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi Tuda, tíì oníṣúgà àti bisikíìtì ni ìyá ọkọ rẹ̀, Lalla Ghita, fi ń bọ́ ọmọ tó fi sílẹ̀ náà. Ikùn rẹ̀ ti le bí àgbá.

Lánàá, mo fi ooru omi se ọkà bálì bí ẹ ti kọ́ wa, mo tẹ elégédé àti kárọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Anir ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun ni Lalla já abọ́ gbà.

“Oúnjẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìyí, ìwọ ará orí òkè. Ṣé ọmọ mi ń ru ẹrù ni?”

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sórí òrùlé pẹrẹsẹ, níbi tí wọ́n so àgbò iléyá mọ́, ó dà á fún un. Mo tẹ̀lé e.

“Lalla, èyí tí ẹ fẹ́ pa ni ẹ ń bọ́ dáadáa. Èyí tí ẹ fẹ́ tọ́, ṣúgà ni tirẹ̀.”

“Ahọ́n rẹ gùn ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.”

“Tirẹ̀ ti dákẹ́. Tèmi ló kù fún ọmọ rẹ̀.”

“Tí a bá ti ṣọdún tán, wàá lọ sílé yín.”

N kò ní lọ. Inú ṣì ń bí mi. Láàárọ̀ yìí mo tún se òmíràn, mo ti ilẹ̀kùn, Anir sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi ọkà bálì ránṣẹ́, àpò ńlá ni kó jẹ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé òtútù kì í mú mi lóru, nítorí ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo ń tẹ́ ẹní sí.

Ijja yín