Táyà Tó Fẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Bàbá

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́. Ara gbogbo wa le, àfi ìbàdí tó ń dùn mí. Ìyàwó mi, tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní kẹ̀kẹ́ Bàbá ló fà á, kí n tà á. Mi ò tà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé olóríkunkun ni mí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Táyà tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín jù. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi le bí òkúta, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí Bàbá ti papò dà. Ẹni tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, àpò àgbàdo lẹ fẹ́ gbé ni, àbí ara yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí ìgbà tí Bàbá ń gbé ọ lọ sí ilé ìwé. Láràárọ̀, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n tú atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀nà má baà gbọ̀n ọ́. Tí wọ́n bá dé, màá tún fẹ́ ẹ le, nítorí ẹrù oko ló kàn. Ó pẹ́ tí mo ti gbé ẹrù kẹ́yìn, síbẹ̀ mo ṣì ń fẹ́ ẹ le.

Jọ̀wọ́, fi èyí tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò méjì ránṣẹ́; èyí tó fẹ̀ kò nílò kí n fẹ́ ẹ le, ìbàdí mi á sinmi. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín. Tí o bá wálé, wá jókòó sẹ́yìn mi. Màá tú atẹ́gùn díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ