Ápù Tí A Bá Nínú Ikùn Àgbọ̀nrín Ọba

Ilé Àwọn Adẹ́tẹ̀ ti Magdalene Mímọ́,
Ashlade,
Ẹ̀bá Igbó Ọba ti Thornhey.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn àjọ̀dún Lúùkù Mímọ́,
ọdún kẹtàlá tí Ọba wa gorí ìtẹ́.

Ọ̀gá Àgbà Igbó Ọba,
Ilé Olódi Corsby.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ TÚ HAMO SPROT SÍLẸ̀ LẸ́WỌ̀N, KÍ Ẹ SÌ TÚN ÌWÁDÌÍ ÀGBỌ̀NRÍN TÍ WỌ́N NÍ Ó PA ṢE

N ó kọ́kọ́ to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ dídùn má baà gba àkókò wa. Wọ́n ti ẹni tí kò pa ẹran mọ́lé. Wọ́n wo ìta ẹran náà, wọn kò wo inú rẹ̀. Àwa rí inú rẹ̀, a sọ ohun tí a rí, kò sì sí ẹni tó wá wò ó. Olóyè Fulk Danby tó ṣe ìwádìí ikú ẹran náà mọ̀. Mo ránṣẹ́ sí i, mo tún ránṣẹ́. Àlùfáà Ashlade mọ̀. Warin Cade, aṣọ́gbó yín, mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé ẹ kò tíì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí.

Nígbà ìkórè tó kọjá, wọ́n bá òkú akọ àgbọ̀nrín kan lówùúrọ̀, kò jìnnà sí ibi tí Hamo ti ń sun èédú. Ọfà kan dúró sí ìhà rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọ́n pe àwọn ọkùnrin abúlé mẹ́rin tó sún mọ́ ibẹ̀ jù kí wọ́n wá sọ ẹni tó pa á. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: bí wọn kò bá dárúkọ ẹnì kan, gbogbo abúlé ni yóò san owó ìtanràn. Hamo kì í ṣe ọmọ abúlé kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú igbó ló ń gbé, orúkọ rẹ̀ ló sì yá wọn lẹ́nu. Mo bi Gilbert, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, tó ń lọ ọkà fún wa, ìdí tó fi dárúkọ ẹni tí kò rí. Ó ní, "Ìyá, ta ni ẹ fẹ́ kí n dárúkọ? Àbúrò ìyàwó mi?"

Wọ́n fi ọfà náà sọ́wọ́ Olóyè Fulk, wọ́n gbé Hamo lọ sí ẹ̀wọ̀n yín, wọ́n sì gbé ẹran náà wá fún wa, nítorí àṣà ni pé ẹran ọba tí ẹlòmíràn bá pa, adẹ́tẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án títí ó fi dé ilé ìdáná wa.

Eda, tó ń dáná fún wa, ló la ikùn rẹ̀. Ó figbe ta: "Ìyá, ẹ sáré wá! Ẹran yìí mà jẹun ju àwa lọ!" Ápù ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe ápù igbó, èyí tó kan tó sì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ápù ọgbà ni, títóbi, pupa, òmíràn kò tíì fọ́ tán. Gbogbo ilé kó jọ. Àwọn tí kì í dìde lórí ibùsùn pàápàá dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wa: níbo ni àgbọ̀nrín ti rí irú èyí jẹ?

Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin náà. Òfin igbó ni pé kí ọgbà ẹnikẹ́ni má ṣe ga ju èyí tí àgbọ̀nrín àti ọmọ rẹ̀ lè fò. Nítorí náà kò sí igi ápù tó dàgbà ní gbogbo agbègbè yìí. Kékeré ni àgbọ̀nrín ti ń jẹ ẹ̀ka wọn run. Ọgbà kan ṣoṣo ni ògiri rẹ̀ ga, ọgbà ilé aṣọ́gbó, tí ẹ fún láyè nítorí àwọn ẹṣin ọba tó máa ń sùn síbẹ̀. Ápù títóbi pupa wà níbẹ̀. Warin a máa fi ránṣẹ́ sí wa ní Kérésìmesì, mo sì mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó.

Ọgbẹ́ ẹran náà tún yà mí lẹ́nu. Ibi tí ọfà wọ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dì sí, bí ẹni pé wọ́n fi kùmọ̀ là á mọ́lẹ̀. Ta ló wá ń ta òkú ẹran lọ́fà?

Ilé ìtajà irun àgùntàn ní Lincoln ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé kí n má ṣe fi ojú òde ra àpò irun. Kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Abúlé mẹ́rin àti olóyè kan ló fi ojú òde ra àpò yìí.

Mo bi Warin fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Warin, ápù yín ńkọ́ lọ́dún yìí?" Ó ní, "Ìyá, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, ẹran jẹ ẹ́ run." Àfi bí ẹni pé etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó ní ẹyẹ lòun fẹ́ wí. Mo ní, "Ẹyẹ tó ní ìwo?" Kò tíì kí mi láti ọjọ́ náà.

N kò fẹ́ kí a ba Warin jẹ́. Àgbọ̀nrín ń jẹ ẹ̀wà wa lójú wa, a dúró, a ń wò ó bí ẹni ń wo àna, nítorí a kò gbọdọ̀ ju òkúta lu ẹran ọba. Ó ti ṣe èmi náà rí bíi kí n gbé igi. Ohun tí mo ṣì fẹ́ mọ̀ ni bí ẹran náà ṣe wọ inú ògiri yẹn, ta ló sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó lu ẹran wá tì í sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, ìyẹn kò ṣeé gbójú fò.

Olóyè Fulk dáhùn pé adẹ́tẹ̀ kò lè jẹ́rìí nílé ẹjọ́, òun náà kò sì lè wọ ilé adẹ́tẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀hún: ilé kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ wọ̀ ni àṣà fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rí lọ. A ti fi ápù náà pa mọ́ sínú ọtí kíkan nínú ìkòkò. Nígbà tí ìránṣẹ́ rẹ̀ dé, ó ní kí n gbé e kalẹ̀ kí n sún sẹ́yìn. Mo gbé e kalẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Òun náà sún sẹ́yìn. Ìkòkò náà ṣì wà lórí òkúta ẹnu ọ̀nà wa.

Hamo kò ní àkókò fún èyí. Omi ń sun ní ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n yín. Wymark ìyàwó rẹ̀ ń ti búrẹ́dì bọ ojú ihò fún un, ó sì sọ fún mi pé ikọ́ ọkọ òun ti yí ohùn padà. Àwọn méjì kú níbẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá kí wọ́n tó rí adájọ́. Adájọ́ igbó kò tíì yà síhìn-ín láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò dé. Bó bá dé, kò lè gbọ́ ẹjọ́ òkú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi Hamo lé àwọn onídùúró méjìlá lọ́wọ́, bí òfin ṣe gbà. Wọ́n ti wà nílẹ̀. Gilbert wà lára wọn, ojú ń tì í. Kí ẹ sì rán ẹni tí kì í sún sẹ́yìn wá wo ìkòkò náà, kó mú ọfà wá pẹ̀lú, kó sì gbọ́ ti Eda láti òdìkejì ògiri. Ògiri wa kò ga. Ibi tí àgbọ̀nrín lè fò, ọ̀rọ̀ ẹnu lè kọjá níbẹ̀.

Mo fún yín títí di ọjọ́ Màtíìnì Mímọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì tí Hamo ṣì wà nínú omi, gbogbo ilé wa ni yóò gbé ìkòkò náà wá sí Corsby, pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, bí òfin ṣe pàṣẹ fún adẹ́tẹ̀ tó bá ń rìn lójú ọ̀nà. Ẹ ó gbọ́ ìró wa kí a tó dé.

Mo dúpẹ́ ṣáájú.

Èmi tí mo ń retí yín lẹ́nu ọ̀nà,

Idonea Haxby,
Opó Reginald Haxby,
Olórí Ilé Àwọn Adẹ́tẹ̀, Ashlade.