Obìnrin Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Ọjà Lateefah

Lateefah Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìpọ̀nrí? Àwa ń bẹ lábà Ayégún níbí, ẹsẹ̀ tó ń ro mí ti ń fúyẹ́, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, abo ni méjèèjì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé yóò máa ṣọ́ ọ lọ́nà, èrò Èkó kò ní tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, àmín.

Ọ̀rọ̀ tó o bá mi sọ lórí fóònù ló mú mi gbé bírò. O ní àwọn èèyàn ń wá sí wẹ́bùsáìtì rẹ, wọ́n ń wò, wọ́n ń lọ, wọn kì í ra ọṣẹ, àti pé bó bá rí báyìí títí ọdún á fi parí, o máa pa ọṣẹ tì, o máa wáṣẹ́ ọ́fíìsì ní Yaba. Ọkàn mi kò balẹ̀. Bó o bá pa á tì, ta ni mo fẹ́ máa se ọṣẹ fún?

Mo bá wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe Iléyá, mo lọ bá Tíṣà Àkàngbé pé kó mú mi dé ọjà rẹ nínú fóònù tiẹ̀. Ó ṣí i. Mo ní ẹ kú ọjà o, kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin òyìnbó kan ló wà níwájú, ọṣẹ hó bò ó lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ìwọ lo ní kó bá ọ jókòó ti ọjà, ẹ̀rín náà ló ṣì ń rín. Ọmọ mi, lé e kúrò. Ẹni tí oníbàárà kí tí kò dáhùn, òun ló ń lé wọn lọ.

Tíṣà wá túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ní o kọ ọ́ pé ẹ jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ojútùú àrà ọ̀tọ̀ fún ìtọ́jú ara. Èwo ni “ẹ”? Ṣebí ìwọ nìkan lo wà nínú yàrá, àbí o ti fẹ́ ọkọ tí o kò sọ fún mi? Mo ní ọṣẹ ńkọ́, ó ní ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo wá ara mi níbẹ̀ títí, n kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Nígbà tí mo ń kiri ọṣẹ, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo jẹ́ ilé-iṣẹ́, ohun tó ń ṣe wọ́n ni mo ń bi wọ́n. Jọ̀ọ́, kọ èyí síbẹ̀:

“Ẹ káàbọ̀. Ṣé ooru ń mú kí ara yín máa sú? Ṣé ara ń yún ọmọ yín? Ọṣẹ dúdú rèé, eérú àti àdín ni, kò lábùlà. Ìyá mi ló sè é, òun ló fi wẹ̀ mí dàgbà. Ẹ bu díẹ̀ wò.”

Tó o bá ti kọ ọ́, má fi fóònù náà sílẹ̀ lọ wẹ̀, kí o lè dá ẹni tó bá kí ọ lóhùn.

Bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó àdín ránṣẹ́ sí mi, àdín ti wọ́n. Jẹ̀lílì awakọ̀ ni kí o fi rán ní gáréèjì Jíbówú, má fi sínú fóònù mi, ó kéré, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbà fa owó yọ.

Oníbàárà rere ni yóò máa rìn sí ọ. Wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, wàá jèrè ọmọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó se ọṣẹ.

Mo tún rántí. Mo ka lẹ́tà yìí fún Tíṣà kí n tó lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọdún tó ti ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, kò ra ọṣẹ mi rí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti béèrè bóyá ara ń yún ọmọ, ó dá mi dúró, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun.