Àyà Ni Mo Pè É

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà orí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Bàbá àti gbogbo ará ilé wa lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Ẹ bi mí lórí fóònù pé níbo ni àwọn fídíò mi wọlé sí. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi tẹ ìdáhùn náà jáde, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ ló yẹ kí n ṣàlàyé fún.

Òtútù ti tún dé síbí. Kí n tó dé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, etí mi á ti kú. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìsọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni. Àdáwà yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ fídíò, kí n máa fi èdè wa ṣàlàyé àìsàn fún àwọn obìnrin ilé. Nígbà tó yá, owó díẹ̀ ń ti ibẹ̀ wọlé, òun ni mo fi ń ra oògùn Bàbá.

Ọjọ́ kan ni ìkànnì tí mo ń gbé àwọn fídíò náà sí yọ fídíò tí mo ṣe lórí jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ní ó tako òfin wọn lórí ìhòòhò, èmi tí mo wọ súwẹ́tà méjì léra! Wọ́n ní bí mo bá tún ṣe irú rẹ̀, àwọn á ti pèèjì mi pa. Mi ò bínú sí òfin; àwọn ọmọdé ń wo fóònù, ó yẹ kí nǹkan dáàbò bò wọ́n. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń ṣọ́nà, kò sì mọ ẹni tó ń kọ́ni yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣèṣekúṣe. Mo kọ̀wé ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀rù bà mí. Mo wá ń pe ọmú ní "àyà", mo ń pe jẹjẹrẹ ní "àìsàn burúkú yẹn". Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń kìlọ̀ fún mi mọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń di ara mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ Fúnmi àbúrò mi, ẹ̀yin lẹ sùn tì í ní ọsibítù. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni ìdí tó fi pẹ́ kó tó lọ. Ó ti rí kókó lọ́mú rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Kò fẹ́ dà mí láàmú, ló bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó wo fídíò mi. Ó gbọ́ tí mo ní kí obìnrin máa yẹ àyà rẹ̀ wò. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn tó ń lù ni. Ló bá ń fi róòbù pa kókó náà.

Nígbà tó pè mí tẹkúntẹkún, mo bi í pé ṣé kò wo fídíò mi ni. Ó ní òun wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, àyà lẹ sọ, ẹ ò sọ pé ọmú. Màámi, orí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ ni mo jókòó sí, tí mo tún fídíò náà wò fúnra mi.

Dókítà ní ìrètí wà, ìtọ́jú ṣì ń lọ. Fúnmi fúnra rẹ̀ ló ní kí n ṣe fídíò míì, kí n dárúkọ òun. Mo pe ọmú ní ọmú, mo pe jẹjẹrẹ ní jẹjẹrẹ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti pèèjì náà pa. Ní ti oògùn Bàbá, ẹ má mikàn; mo ti fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kún tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló kọ́ mi ní ìbẹ̀rù ọ̀rọ̀. Nínú ilé wa, àìsàn àyà la gbọ́ pé ó pa Ìyá Àgbà tó bí yín. Ìgbà tí mo di nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe wọ́n gan-an.

Ọmọ kì í sọ irú èyí fún ìyá rẹ̀, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá wẹ̀ lọ́la, ẹ fọwọ́ tẹ ọmú yín méjèèjì wò dáadáa. Bí ẹ bá rí kókó, ẹ pè mí kí omi tó gbẹ lára yín. Bí ẹ ò bá sì rí, ẹ ṣì lọ rí dókítà.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọ̀kankan nínú wa. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sókè fún wọn, láìfo ọ̀rọ̀ kankan.

Ọmọ yín,
Àjọkẹ́