Ọkọ̀ Bàbá Rẹ Ti Ní Òrùlé

Ọlájídé, bí o bá dé tí o ò bá píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ nílé, má pariwo olè. Jìnmí awakọ̀ ń fi í gbé mi lọ sọ́jà Ìjàyè ni.

O ní ká tà á nítorí òjò tó ń pa mí bí mo bá sùn sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jà. Ó dáa, mo ti ra ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ fún un ní Adégbayì, ó ní fèrèsé àti ilẹ̀kùn bíi yàrá. Mo bẹ àwọn ọkùnrin àdúgbò lọ́wẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé e lé ọkọ̀. Ara mi ò balẹ̀, mo ti wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ tẹ́ ẹní kí wọ́n tó dé e. Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ síwájú! Ilẹ̀kùn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, mo há bí adìyẹ abẹ́ agbọ̀n, mo rẹ́rìn-ín títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Wọ́n yí i padà, wọ́n sì dè é pinpin.

Má wulẹ̀ ṣí ìkòkò. A kì í bẹ ọ̀wẹ̀ ká má fún wọn lóúnjẹ. Ẹran ìgbẹ́ rẹ ti tán.

Ẹni tí o ní kó wá ra ọkọ̀ lónìí, sọ fún un pé mo ti ń gbé inú rẹ̀. Bó bá ṣì fẹ́ ẹ, kó ra èmi náà mọ́ ọn.

Ìyá àgbà