Àwọ̀n Tí Mo Hun fún Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mi

Àjídò, lẹ́bàá Àgbádárìgì,
Oṣù Kẹta, 2012.

Agatha ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, ilé, iṣẹ́, ọkọ àti àwọn ọmọ? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ọ̀sà gbẹ kò ní jẹ́ kí ayọ̀ rẹ gbẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun ṣá, nítorí ohùn rẹ lórí fóònù dà bí ohùn ẹni tó fi gààrí sùn.

Egbò àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò tíì jiná. Tí mo bá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró, màá ṣe bí ẹni tó ń wo omi, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ìrora ló dá mi dúró. Láti ìgbà tí dókítà àkọ́kọ́ ti ní gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ yìí, oorun kò kùn mí, àfi ìgbà tí o mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà tuntun, tó gbé ẹ̀rọ lé ọrùn ẹsẹ̀ mi, tí a gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ fúù fúù lósì, tí ọ̀tún dákẹ́, tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dí, òun máa là á láìgé nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù lé ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí o pè lọ́jọ́ Sunday, kí o lè bá dókítà gbọ́ bó ṣe ń ṣe sí. Ìyá rẹ ní ńṣe lo kàn ń pariwo ẹ̀lóò, ẹ̀lóò. Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?

Ògúnṣẹ̀yẹ ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ta ló ń gba itan wo ẹsẹ̀, dókítà yẹn á ṣìnà. Mo bi í pé nígbà tí koríko bá dí ọ̀nà omi wa, ṣé a máa ń gbẹ́ ọ̀sà mìíràn ni? Ṣebí ọkọ̀ kan la máa ń tì wọ inú koríko náà, tí omi á sì máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa tì gba itan mi, bàlúùnù á fẹ ojú ibẹ̀, wọn á wá fi àwọ̀n róbótó há a kó má baà padà dí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n yìí gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, nítorí kì í ṣe ohun tí fóònù lè gbé. O ní irin ni tiwọn, òkè òkun ló ti ń wá, ó sì wọ́n. Agatha, láti ibí dé Gbàjí, ọwọ́ wo ló mọ àwọ̀n hun bí ọwọ́ bàbá rẹ? Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi yóò fi lo àwọ̀n ọlọ́wọ̀n? Mo ti hun ún, òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Òwú ọ̀rá tó dára jù ni, ojú rẹ̀ wẹ́ débi pé edé kò lè kọjá. Mi ò fi òjé sí i, kó má baà wúwo nínú ẹsẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, kò sún kì. Kí dókítà má ṣe gé etí rẹ̀ o, ibẹ̀ ni mo ta kókó sí.

Bó bá ní irin ló pọn dandan, mo gbà, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí n di tèmi mú nígbà tí wáyà bá ń wọlé, nítorí wọ́n ní mi ò ní sùn, ojú mi á là sílẹ̀ ni. Àwọ̀n tí mo hun kò já mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ránṣẹ́, kí o fi ti òwú lé e, bóyá ẹsẹ̀ òsì náà á bèèrè tiẹ̀.

Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ohun tó bá sì dí i, Olúwa á là á láìta ẹ̀jẹ̀ rẹ sílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì,
Zinsu.