Wáráńtì Àdàbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹrin 2019

Àdàbà kú mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí. Ọkọ̀ tí mo rà ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn! Àlòkù oníwèé-ẹ̀rí, tí wọ́n ní àwọn yẹ ibi àádọ́jọ wò lára rẹ̀. Ojú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn oko àwọn Hruska ló kú sí, ó ku igba ilé tí mi ò tíì gbé lẹ́tà dé. Páálí òròmọdìẹ mẹ́ta, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn àgbẹ̀ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, wà lẹ́yìn, wọ́n ń ké.

Gíà ni. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ ò lọ. Òtútù mú gan-an. Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi bo àwọn òròmọdìẹ, èmi wá ń gbọ̀n. Wákàtí kan àtààbọ̀ kí Leland ọkọ mi tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé. Òròmọdìẹ mẹ́ta ti kú nínú páálí Màmá Hruska. Ìyá arúgbó náà ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ." Ì bá kúkú bú mi.

Kò burú. Wáráńtì wà. Mo sanwó àfikún kó lè tó ọdún márùn-ún. Leland máa fi okùn wọ́ ọ lọ fún àwọn tó tà á fún wa lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ní rárá.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí kàǹtà ní, "Mà, wáráńtì yín ò bo èyí." Ó yí ìwé sí mi, ojú ìwé kọkànlá, lẹ́tà wínníwínní bí ìdin èèrà: *ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ń pín lẹ́tà tàbí ẹrù kiri*. Mo ní ta ló sọ fún un pé mo ń pín lẹ́tà? Ó nawọ́ sí orí ọkọ̀. Àkọlé ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, iná pupa rúsúrúsú náà wà níbẹ̀. Mẹ́káníìkì tún dá sí i: "Àga ọ̀tún ti jẹ tán, mà. Ti òsì ṣì dà bí tuntun."

Ṣebí bí gbogbo àwa tó ń pín lẹ́tà lábúlé ṣe ń wakọ̀ nìyẹn. Ìdí lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì lórí bíréèkì, ọwọ́ òsì lórí sítíárìn, kí ọwọ́ ọ̀tún lè dé àpótí àwọn èèyàn. Bí Bàbá mi ṣe wà á nìyẹn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mi ò yọ àkọlé kúrò kí n tó débẹ̀. Torí kí ni màá ṣe yọ ọ́? Mi ò jalè.

Gíà tuntun, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là. Wọ́n ya wèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹrin

Ọ̀gá Denise, ọ̀gá wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Tí mi ò bá ní ọkọ̀ tó ṣeé gbára lé nígbà náà, wọ́n á lẹ ọ̀nà tí mo ti ń pín lẹ́tà mọ́ pátákó, ẹni tó bá fẹ́ kó mú un. Ọ̀nà Bàbá mi!

Mo ti gbé ọkọ̀ àtijọ́ Bàbá jáde nínú abà. Kò ní ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná. Eku ti bímọ sínú àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹrin

Mo ka gbogbo ìwé wáráńtì lórí tábìlì ìdáná, tèmi ti awò tí Bàbá fi ń ka Bíbélì. Ojú ìwé méjìlélógún. Ohun tí wọ́n bò gba ojú ìwé méjì. Ohun tí wọn ò bò ló gba ìyókù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Eyín Òwú mọ̀. Rodney Pohl tó tà á fún mi — eyín yẹn funfun ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú yìí. Mo sọ fún un pé lẹ́tà ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ pín. Àga ọ̀tún ni mo ti wà á yípo ọgbà wọn lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Marlys, ẹ ó kọ́ èmi náà o!" Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, Leland àti òun ti to ìwé sílẹ̀. Ìka nìkan ló kù kí n fi kọ orúkọ sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà wọn.

Mi ò kà á. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ Rodney láti ìgbà tó ti ń rá, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ní ilẹ̀ wa níbí, tó o bá jókòó ka ìwé lójú ẹni tó o mọ̀, olè lo pè é yẹn.

Leland ń fọ ife kan ṣoṣo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní, "Jẹ́ ká san án, Marlys. Ká gbàgbé ẹ̀." Ká gbàgbé kẹ̀!

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹrin

Mo lọ bá a. Eyín Òwú ní wọ́n bi wá léèrè, ìdáhùn wà nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní ta ló bi mí? Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo ní kó gbé fọ́ọ̀mù náà jáde kí n rí i. Ó ní ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ni wáráńtì ló wà, ìpínlẹ̀ míì, àfi kí n kọ̀wé sí wọn. Ojú rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́.

Tọkọtaya kan jókòó ti gíláàsì, ìka ọkọ ti wà lókè. Mo ní, "Ẹ ka ojú ìwé kọkànlá ná. Ẹ bi wọ́n ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ má bi wọ́n ohun tó wà níbẹ̀." Rodney ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé oníbàárà mi." Mo ní oníbàárà rẹ lèmi náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹrin

Yìnyín. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé mo ní ẹsẹ̀. Eyín Òwú, Ọlọ́run ń wò ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹrin

Ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ìjọ, bíi gbogbo ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ǹtì. Ta ló so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí tó ń pín in? Rodney. Mo gbé àwo mi síwájú. Mo ní, "Ṣé ẹja yìí ní wáráńtì, àbí tó bá ti dé ọ̀fun ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó parí?" Gbogbo ilé ya sẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Leland ló ń wò.

Leland ò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó ní mo dójú ti ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ẹ̀yìn ta ló wà gan-an? Baba Dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, orúkọ tí mo ń pè é nínú mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹrin

Fọ́ọ̀mù dé. Èmi fúnra mi ni mo ṣà á sínú ihò tá a máa ń to lẹ́tà ilé wa sí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀. Mi ò já a. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé lẹ́tà wa á dé àpótí wa ná, bíi ti gbogbo ayé. Nígbà tí mo dé iwájú ilé wa, mo já a.

*Ṣé ẹ ó fi ọkọ̀ yìí pín lẹ́tà tàbí ẹrù?* Rárá.

*Iṣẹ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń ṣe?* Ìyàwó ilé.

Ìyàwó ilé! Ọdún méjìlélógún nínú yìnyín àti eruku!

Kì í ṣe ọwọ́ Rodney ló kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà, tí wọ́n dúró ṣánṣán. Ogójì ọdún ni Leland fi kun àkọlé sára abà àti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo agbègbè yìí. Kò sí ibi tí mi ò ti lè dá lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Mo pín èyí tó kù. Mi ò mọ bí mo ṣe pín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹrin

Ó jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ yípo lọ́jọ́ náà, Rodney sọ fún un pé tí wọ́n bá kọ òótọ́ síbẹ̀, iléeṣẹ́ náà ò ní tà á fún wa. Pé "rárá" ni gbogbo èèyàn ń kọ. Pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Leland ní òun fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wò mí bí mo ṣe ń jà kiri ìlú bí ajá dìgbòlugi, tó ń fọ ife! Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Mò ń bẹ̀rù ẹnu ẹ." Mo ní ó yẹ kó bẹ̀rù ẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀sùn tí mo kọ nípa wáráńtì náà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Lincoln, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, wà lórí tábìlì. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò bi wá ní ohunkóhun. Irọ́ ti wọ̀ ọ́. Mo fà á ya. Mo sọ fún un pé mi ò ní kọ irọ́ rẹ̀ fún un, mi ò sì ní kọ òótọ́ rẹ̀ fún un. Òun náà lọ́wọ́, ó sì mọ̀wé kọ, àwa méjèèjì la rí i nínú fọ́ọ̀mù. Ó jáde lọ sínú abà.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹrin

Yàrá Bàbá ni mo sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde. A jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a ò sọ̀rọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ìjọ, Rodney ní, "Ó jíǹde." Mo dá a lóhùn pé lóòótọ́ ni, torí ti Jésù ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹrin

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Ọ̀gá Denise pé. Àdàbà ṣì wà ní ọgbà wọn.

Nígbà tí mo dé iwájú ilé wa lónìí, àsíá pupa ara àpótí wa nàró. Ohun tíyẹn ń sọ ni pé kí n dúró, lẹ́tà wà nínú tí màá gbé lọ. Láti ọdún méjìlélógún, Leland ò gbé àsíá yẹn sókè rí. Orí oúnjẹ àárọ̀ ló ti máa ń fún mi ní tirẹ̀.

Àpòòwé kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì ìjọba, Lincoln. Lẹ́tà gàdàgbà, ṣánṣán. Lókè lápá òsì, níbi tá a ti máa ń kọ orúkọ àwa méjèèjì, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà. Ó nípọn, ó tó ojú ìwé mẹ́fà tàbí méje. Ọkùnrin tí kì í sọ gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́!

Mi ò lè já a. Mi ò já lẹ́tà ẹnikẹ́ni rí.

Ó dúró lójú fèrèsé ìdáná. Mi ò juwọ́ sí i. Inú ṣì ń bí mi, ó ń bí mi gan-an, bí mo ṣe ń kọ èyí yìí ó ṣì ń bí mi. Mo fi àpòòwé náà sáàárín ti àwọn aládùúgbò, mo sọ àsíá kalẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ Bàbá lọ sí ilé tó kàn.